Igbó Labrador àti Ibi tí Arìnrìn-àjò Ń Pàgọ́ Sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là. Ó sì jẹ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú aginjù, níbi tí kò sí ọ̀nà mìíràn ju odò lọ. Ẹ̀yin òǹwòran, irú aginjù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìjíròrò òní dá lé: igbó Labrador, ní apá ìlà-oòrùn Kánádà òde òní, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré láti adágún dé adágún, tí wọ́n sì ń pàgọ́ sí etídò ní alaalẹ́.

Igbó yìí kò jọ igbó ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí ìrókò níbẹ̀, kò sí àràbà. Sípúrúùsì ni igi tí ó pọ̀ jù, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé rẹ̀ rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí kì í sì í wọ́wé ní ìgbà òtútù. Nítorí pé ìgbà ooru kúrú, igi kì í tètè dàgbà. Èyí tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ lè ti wà lórí ìdúró kí a tó bí ẹni tí ó fẹ́ gé e. Ẹja wà nínú omi, ẹran ńlá tí wọ́n ń pè ní káríbù sì ń kọjá ní agbo-agbo, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìgbà àti ipa wọn lè rìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó má rí ẹyọ kan.

Ní oṣù keje ọdún 1903, Leonidas Hubbard, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, gbéra láti North West River pẹ̀lú Dillon Wallace, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò, àti George Elson, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Cree. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Odò kan ni àwòrán ilẹ̀ ọwọ́ wọn fi hàn pé ó wọ Grand Lake, bẹ́ẹ̀ ni odò ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n kọjá ẹnu odò Naskaupi láì mọ̀, wọ́n sì gba odò Susan, odò kékeré tí ó kún fún àpáta. Elson fúnra rẹ̀ kò dé ilẹ̀ náà rí. Wọ́n ń ru ọkọ̀ àti ẹrù gun òkè, oúnjẹ ń tán, òtútù sì ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi pẹ̀yìn dà ní oṣù kẹsàn-án, ó ti pẹ́ jù. Egungun àti awọ ẹran ni wọ́n ń sè jẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, Hubbard kò lè rìn mọ́. Àwọn méjì yòókù fi í sílẹ̀ nínú àgọ́, wọ́n lọ wá ìyẹ̀fun tí wọ́n ti dà nù lójú ọ̀nà, àti ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Inú àgọ́ náà ni Hubbard kú sí. Elson rọ́jú dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ, àwọn ni wọ́n sì lọ gba Wallace là.

Ní ọdún 1905, Mina Hubbard, opó rẹ̀, pinnu láti parí ìrìn àjò náà. Elson ni ó ṣe olórí àwọn atọ́nà rẹ̀. Gilbert Blake, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ tí ó wà lára àwọn tí ó gba Wallace là, wà pẹ̀lú wọn; ó mọ odò Naskaupi. Wọ́n gbéra ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà. Nígbà tí wọ́n pàdé àwọn Innu, onílẹ̀ ibẹ̀, wọ́n béèrè bí ọ̀nà ṣe kù sí lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ungava láyọ̀.

Ìmọ̀ yìí kò mọ sórí odò nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ń hàn jù. Ẹni tí ó mọ igbó àríwá kì í dúró di òru kí ó tó wá ibùdó. Yóò wá ilẹ̀ gbígbẹ tí ó ga díẹ̀ ju omi lọ, níbi tí atẹ́gùn yóò ti máa lé ẹ̀fọn àti kòkòrò ajẹnijẹ. Igi tí ó ti kú tí ó ṣì wà lóòró ni yóò fi dáná, nítorí èyí tí ó ti ṣubú sábà máa ń fa omi. Orí yanrìn tàbí àpáta ni yóò dáná náà sí. Bí ó bá dá a sórí ilẹ̀ tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà bò, iná lè wọlẹ̀, kí ó máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó sì ru jáde nígbà tí onítọ̀hún ti lọ. Láyé àtijọ́, ẹ̀ka sípúrúùsì tútù ni wọ́n ń tẹ́ sùn. Lónìí, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò kì í gé e mọ́, nítorí igi tí ó pẹ́ kí ó tó dàgbà kò ṣeé sọ di ẹní òru kan.

Kì í ṣe ìgboyà ni Hubbard kò ní. Ẹni tí ó mọ ẹnu odò ni kò sí pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé tí Mina Hubbard tẹ̀ jáde ní ọdún 1908 pe Labrador ní ilẹ̀ àìmọ̀. Àmọ́ àwọn Innu ti ń pàgọ́ sí etídò rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìbéèrè tí ó kù fún ìjíròrò nìyí: ilẹ̀ tí onílé ń gbé inú rẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n?