Ìjókòó, Ìdúró àti Ara Ríro Láàárín Àwọn Onídìrí



Bí a bá ń sọ̀rọ̀ irun dídì láàárín Yorùbá, orí ẹni tí a dì nírun nìkan ni a máa ń wò. A mọ ṣùkú, a mọ pàtéwọ́ àti ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀; ní ọdún 1968, J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà ní fọ́tò. Ara ẹni tí ń di irun ni mo fẹ́ kí a wò lónìí. Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1700 pé ìdúró tàbí ìjókòó tí kò bá ara mu a máa fa àìsàn fún òṣìṣẹ́.

Ní àtijọ́, onídìrí a jókòó lórí àpótí, ẹni tí ó fẹ́ dirí a sì jókòó sórí ẹní láàárín orúnkún rẹ̀. Ọwọ́ onídìrí kì í ga ju àyà lọ, èyí sì dára púpọ̀. Ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń jìyà: orí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó kílò 5, iṣan ìpàkọ́ ni ó sì ń dì í mú nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Nínú ṣọ́ọ̀bù òde òní, oníbàárà wà lórí àga, onídìrí wà lórí ìdúró. Bí àga bá ga, apá rẹ̀ yóò wà lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá bí irun náà bá jẹ́ wẹ́wẹ́. Iṣan tí ń súnkì tí ó sì ń dẹ̀ a máa rí ẹ̀jẹ̀ gbà dáadáa. Èyí tí ó súnkì tí kò dẹ̀ a fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ara rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí èjìká fi ń ro ẹni tí kò ru ẹrù kankan.

Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ni àánú rẹ̀ ṣe mí jù. Ọ̀gá ni a fi wọn àga. Ọmọ tí ó kúrú jù ú lọ yóò tún gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè sí i. Bí ó bá ní èjìká ń dun òun, ọ̀lẹ ni a ó pè é.

Èmi kò ní kí a padà sórí ẹní. Àga tí a lè gbé sókè tàbí sọ̀kalẹ̀ wà. Níbi tí owó rẹ̀ kò bá sí, kí oníbàárà jókòó sórí ìjókòó kúkúrú, kí onídìrí sì jókòó sórí èyí tí ó ga. Ẹ jẹ́ kí ọmọṣẹ́ sinmi ọwọ́ díẹ̀ láàárín orí kan sí èkejì, kí a má sì rán an lọ pọnmi ní àkókò náà.