Ohùn Kan Ń Dún Nínú Píkọ́ọ̀pù Wa



Mi ò sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ lónìí. Ọkọ̀ tó ń kó irè oko wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ọkọ̀ bá dákú sọ́nà, ẹ̀gẹ́ tí a ti hú ò ní dúró dè wá. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ti ń dúdú nínú.

Píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ wa, dísù ló ń lò. Nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkan, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rẹ̀: pí-pí-pí. Á dún díẹ̀, á dákẹ́. Dírẹ́bà ní ilẹ̀kùn ni kò pa dé. A pa gbogbo rẹ̀ dé, ó tún dún. A ní bóyá apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó wà lórí àga iwájú ni, torí ọkọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹrù bá wúwo lórí àga, á rò pé èèyàn ló jókòó tí kò de bẹ́líìtì. A gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, ohùn dákẹ́, la bá ń yọ̀. Àṣé ọ̀nà tó tẹ́jú la gbà lọ́jọ́ náà!

Ríwáyà kan tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní kí òun gé wáyà ohùn náà, kí etí sinmi. Èmi ni mo kọ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n o, ahun ni. Mi ò fẹ́ sanwó.

Ìyá oníṣòwò kan tó bá wa wọkọ̀ ló tú àṣírí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ò rí i pé bí a bá ń gun òkè ló ń ké? Iná kékeré kan sì ń ṣẹ́jú níwájú dírẹ́bà." Lóòótọ́, iná aláwọ̀ ìyeyè ni, àmì rẹ̀ dà bí ohun tí omi ń kán lábẹ́ rẹ̀. A ṣí ìwé ọkọ̀ tó ti wà nínú ọ̀rá láti ọjọ́ tí a ti rà á. Omi ló wà nínú epo!

Bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí omi, bẹ́ẹ̀ náà ni dísù. Omi á wà nísàlẹ̀ fílítà. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń rì nínú dísù, ṣùgbọ́n tó ń léfòó lórí omi. Bí omi bá pọ̀, á gbé e sókè, ohùn á dún. Bí ọkọ̀ bá dagun òkè, omi á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tètè gbé e.

Ká ní a gé wáyà yẹn ńkọ́? Omi á dé pọ́ǹpù dísù àti nósù. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń mú kí irin inú pọ́ǹpù máa yọ̀ lára wọn. Omi ò lè ṣe é, ṣe ló máa jẹ́ kí wọ́n dípẹtà. Àtúnṣe rẹ̀ ń gbówó gan-an.

A pa ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kó tutù, a lé àwọn tó ń mu sìgá jìnnà. A gbé abọ́ sábẹ́ fílítà, a tú ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, a ń fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré orí rẹ̀ títí omi fi tán, tí dísù tó mọ́ ń bọ̀. A fọwọ́ dì í padà, láìlo sípánà. Ẹ má da ìdọ̀tí yẹn sóko tàbí sódò o.

Kì í ṣe gbogbo ohùn ló jẹ́ omi o. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń han gooro, páàdì búréèkì lè ti fẹ́ tán. Bí iná pupa ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá tàn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ilé kù díẹ̀.

Níbo wá ni omi tiwa ti wọlé? Dúrọ́ọ̀mù dísù wa ló wà níta, ìdérí rẹ̀ ò le, òjò ń dúró lórí rẹ̀. A ti gbé e sábẹ́ òrùlé, a kì í sì í fa epo ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ra dísù nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kó sùn mọ́jú. Bí omi bá wà, ẹ ó rí i nísàlẹ̀. Ìgò tiwa wà lábẹ́ àga dírẹ́bà.