Peter Parker ní Yunifásítì: Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́sàn-án, Spider-Man Lóru

Peter Parker ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wọ aṣọ Spider-Man. Stan Lee ló kọ ìtàn rẹ̀, Steve Ditko ló ya àwòrán rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Marvel sì gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962, nínú ẹ̀dà kẹẹ̀ẹ́dógún ìwé àwòrán kan tó ń jẹ́ Amazing Fantasy. Ọmọ ọdún 15 ni Peter nígbà náà, iléèwé girama ló sì wà ní àdúgbò Queens, nílùú New York. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu ni ọ̀pọ̀ akọni inú ìwé àwòrán ṣáájú àkókò yẹn. Bí ọ̀dọ́ bá wà láàárín wọn, ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá ló sábà máa ń jẹ́. Peter kò ní ọ̀gá kankan, kò lówó lọ́wọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá sì ń dúró dè é nílé.

Òbí rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ben ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àti May ìyàwó Ben ló tọ́ ọ dàgbà. Níbi àfihàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ni aláǹtakùn tí ìtànṣán olóró ti wọ̀ lára ti bù ú jẹ, látìgbà náà ló sì ti ń gun ògiri, tó sì ń gbé ohun tí èèyàn mẹ́wàá kò lè gbé. Owó ló kọ́kọ́ fi agbára náà wá: ó jìjàkadì gba owó, ó sì di gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kan, olè kan sá kọjá níwájú rẹ̀, ọlọ́pàá tó ń lé olè náà ké sí i pé kó dá a dúró, àmọ́ Peter ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Olè yẹn kan náà ló padà wá yìnbọn pa Ben.

Ibi tí ìṣòro ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ kọ́gbọ́n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀bi ikú Ben ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nítorí owó mọ iye tó fẹ́ gbà, ẹni tó ń ṣe é nítorí òkìkí sì mọ̀ nígbà tí òkìkí bá dé. Gbèsè tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nítorí ẹ̀bi fẹ́ san kò ní iye, torí náà kò lè mọ ìgbà tó tó. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Peter nígbà tó wọ yunifásítì ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́dún 1965 ló jáde girama, tó sì rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà nítorí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Empire State University ni orúkọ yunifásítì náà, inú ìwé nìkan ló sì wà. Kò sí i ní New York gidi. Flash Thompson, ọmọ tó ti ń fi Peter ṣẹ̀sín láti girama, wọ ibẹ̀ pẹ̀lú, nítorí eré ìdárayá ni wọ́n fi gbà á. Flash fẹ́ràn Spider-Man bí ojú, ó sì ń pe Peter ní ojo. Àwọn tó kọ ìtàn náà jẹ adùn ọ̀rọ̀ yìí pẹ́.

Peter kò tíì fìdí jókòó ní kíláàsì tí àìsàn fi gbé May dè ní ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ Peter ló fà á: nígbà kan tí May nílò ẹ̀jẹ̀, òun ló fún un, kò sì mọ̀ pé oró aláǹtakùn ń bẹ nínú rẹ̀. Egbòogi kan ṣoṣo ló lè wo ìyá náà sàn, àwọn jàǹdùkú Doctor Octopus, ọ̀tá Spider-Man, sì jí i gbé lọ́nà. Lóru, Peter ń wá egbòogi kiri ìgboro. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú ọkàn tó wà ní ọsibítù. Gwen Stacy àti Harry Osborn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, kí i, kò gbọ́. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀, ó kọjá lára wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, wọ́n ti fẹnu kò pé agbéraga ni. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966 ni ìtàn náà dé góńgó rẹ̀: ẹ̀rọ ńlá wó lé Peter lórí nínú ilé kan lábẹ́ omi, egbòogi wà níwájú rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, omi sì ń ya wọlé. Ojú ewé mélòó kan ni Ditko fi ya bó ṣe ń ti ẹ̀rọ náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jáde, àwọn òǹkàwé ìwé àwòrán sì ń sọ nípa ojú ewé wọ̀nyẹn títí dòní. May mu egbòogi, ó sàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Peter kò mọ ohunkóhun nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ tí kì í dáhùn ìkíni.

Kò yẹ kí a bá Gwen àti Harry wí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi ṣèdájọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí rẹ̀ wà ní ọsibítù, tó sì ń dá wàhálà náà gbé, máa ń bọ́ sínú irú ẹjọ́ yìí láìmọ̀. Peter ní ìdí tí kò fi lè sọ pé òun ni Spider-Man, àmọ́ kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti sọ pé ara ìyá òun kò yá. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ì bá sọ ọ̀tá di alábàárò. Ẹni tí irú rẹ̀ bá bá lè sọ fún olùkọ́ kan àti ẹlẹgbẹ́ kan ó kéré tán, kó sì tètè mú ìwé dókítà lọ sí ẹ̀ka rẹ̀ kí ìdánwò tó kọjá. Ìwé tó bá dé lẹ́yìn ìdánwò dà bí àwáwí lójú ọ̀pọ̀ olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà le. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò san owó oògùn, kò sì san owó ilé. Peter kọ́kọ́ gbìyànjú láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọni Fantastic Four lọ́dún 1963 torí ó rò pé wọ́n ń gba owó oṣù. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kì í san owó fún ẹnikẹ́ni. Ó wá ń gbé kámẹ́rà kọ́ sórí okùn aláǹtakùn tó ń ta, kámẹ́rà á máa dá ya fọ́tò Spider-Man níbi tó ti ń jà, yóò sì tà á fún J. Jonah Jameson, ẹni tó ń gbé ìwé ìròyìn Daily Bugle jáde. Jameson kórìíra Spider-Man. Fọ́tò tí Peter tà fún un ló fi ń bà á lórúkọ jẹ́ fún gbogbo ìlú. Iṣẹ́ náà ní ire tirẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí kò ní wákàtí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá fẹ́ ló ń lọ. Ibi rẹ̀ ni pé owó kì í wọlé àfi bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ ń wo iye owó nìkan. Ohun tí iṣẹ́ ń gbà lára ẹni, oorun, ìlera, orúkọ rere, tọ́ sí kíkà mọ́ owó náà kí èèyàn tó sọ pé ó jèrè.

Ẹ̀kọ́ àti ìjà kì í ṣe ọ̀tá ara wọn nígbà gbogbo, ẹni tó bá ka ìtàn náà dáadáa á rí i. Okùn tí Spider-Man ń ta kò jáde lára rẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́; òun fúnra rẹ̀ ló po kẹ́míkà rẹ̀, òun ló sì ṣe ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ tó ń tú u. Ẹ̀rọ tó ṣe nílé ló fi já Vulture, ọ̀tá rẹ̀ tó ń fò, bọ́ láti òfuurufú. Nígbà tí Dókítà Curt Connors sọ ara rẹ̀ di aláǹgbá ńlá lọ́dún 1963, ìwé àkọsílẹ̀ Connors ni Peter kà, tó fi po oògùn tó dá a padà sí èèyàn. Ohun tó kọ́ nínú ìwé gba ẹ̀mí là níbi tí ẹ̀ṣẹ́ kò ti tó.

Lọ́dún 1967, Peter kó kúrò nílé May, òun àti Harry Osborn sì jọ ń gbé yàrá. Norman, bàbá Harry, ni Green Goblin, ọ̀tá tó burú jù fún Spider-Man, ó sì ti mọ àṣírí Peter lọ́dún 1966 kí ìfarapa tó jẹ́ kó gbàgbé. Nítorí náà, ọmọ ọ̀tá ni Peter ń bá sùn lábẹ́ òrùlé kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tòótọ́ sì ni. Nígbà tó di 1971, Harry bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn olóró. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìlera àti ẹ̀kọ́ ló ti kọ̀wé sí Stan Lee pé kó fi ewu oògùn olóró sínú ìtàn. Àjọ tó ń fọwọ́ sí ìwé àwòrán nígbà náà kò gbà, Marvel sì gbé ẹ̀dà mẹ́ta jáde láìní òǹtẹ̀ àjọ náà. Ohun tó kan akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rèé: Peter ń ṣọ́ gbogbo New York, ọ̀rẹ́ tó wà ní ìbùsùn kejì ń bàjẹ́ lọ, ó sì pẹ́ kó tó fura. Ìgbà tó bá Harry nílẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbé oògùn jù ló tó hàn sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí fún gbogbo ayé sábà máa ń ṣe àṣìṣe yìí, kì í sì í ṣe akọni nìkan. Òṣìṣẹ́ ìjọ, olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ tó ń bọ́ àbúrò mẹ́rin: gbogbo wọn lè mọ ìṣòro àwọn tó jìnnà, kí wọ́n má mọ ti ẹni tó sún mọ́ wọn jù.

Ọdún 1967 yẹn náà ni Peter kọ iṣẹ́ Spider-Man sílẹ̀. Èsì ìdánwò rẹ̀ ti ń já wálẹ̀, May tún ń ṣàìsàn, Jameson kò dákẹ́. Ó ju aṣọ Spider-Man sínú ìdọ̀tí nínú òjò, ó sì rìn lọ. Ọmọdékùnrin kan rí aṣọ náà, ó gbé e fún Jameson, ẹni tó fi í kọ́ ògiri ọ́fíìsì. Olè pọ̀ nígboro. Nígbà tí Peter rí àwọn jàǹdùkú tó fẹ́ pa ọlọ́dẹ alẹ́ kan, ó gba ọkùnrin náà là, ojú ọkùnrin náà sì rán an létí Ben. Bó ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ń yin ìpadàbọ̀ náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì péré ni ọmọ náà rí: kó ṣe gbogbo rẹ̀, tàbí kó má ṣe rárá. New York inú ìwé Marvel kún fún akọni. Daredevil ń gbé ibẹ̀, Fantastic Four ń gbé ibẹ̀, Avengers ń gbé ibẹ̀. Peter kò ronú pé kí òun bẹ ẹnì kan nínú wọn kó bá òun ṣọ́ ìlú fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, àmọ́ ẹni tó ń san gbèsè ẹ̀bi kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn bá a san.

Àṣírí gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìjà lọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá George Stacy, bàbá Gwen, kú lọ́dún 1970 níbi tí Spider-Man ti ń jà, Gwen, tó ti di olólùfẹ́ Peter nígbà náà, sì gbà pé Spider-Man ló fà á. Ọkùnrin tó ń tù ú nínú ni ọkùnrin tó kórìíra. Norman pa Gwen pàápàá lọ́dún 1973, Peter kò sì tíì rí ààyè sọ òótọ́ fún un.

Fíìmù Spider-Man 2 tí Sam Raimi darí, tó jáde lọ́dún 2004, kó ọ̀rọ̀ náà jọ sínú wákàtí méjì. Níbẹ̀, Columbia, yunifásítì tó wà ní New York gidi, ni Peter ti ń kàwé. Ó ń gbé písà kiri títí wọ́n fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pípẹ́, Dókítà Connors tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ sì ń kìlọ̀ pé ó ń fìdí rẹmi. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀: okùn kò jáde mọ́, ojú rẹ̀ ṣú, ó já bọ́ láti orí ilé. Ara akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lóru máa ń sọ̀rọ̀ báyìí náà, nípa orí fífọ́ àti ìgbàgbé, kí èsì ìdánwò tó jáde rárá.

Nínú ìwé, ọdún 1978 ni kíláàsì Peter ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè. Kò gba oyè lọ́jọ́ náà. Ó ti yege nínú sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì eré ìdárayá kan ṣoṣo kò pé, òun tó lè gbé mọ́tò! Irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà dúró: kì í ṣe kọ́ọ̀sì ẹ̀ka wọn, GST, ìyẹn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò, tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú ni. Òbí tó bá ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ lè ní kó jókòó pẹ̀lú olùdámọ̀ràn ẹ̀ka rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àṣekágbá, kí wọ́n jọ ka gbogbo kọ́ọ̀sì tó yẹ kó ṣe, kí wọ́n sì fi wé èyí tó ti ṣe.

Nígbà tí Peter yanjú kọ́ọ̀sì náà, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè gíga ní yunifásítì kan náà, ó sì ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì àwọn ọmọ tuntun. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ láìparí. Akẹ́kọ̀ọ́ gidi tí nǹkan bá wọ̀ lọ́rùn bẹ́ẹ̀ kò ní láti pòórá. Ó lè kọ̀wé sí yunifásítì pé kí wọ́n dá ẹ̀kọ́ òun dúró fún ìgbà díẹ̀, kó gba èsì lórí ìwé, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́ fún ọjọ́ tó bá fẹ́ padà.