Àjùmọ̀ní Tí Ń Bẹ Nínú Èéfín



Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti átọ́ọ̀mù. Kábọ́ọ̀nù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 4 ní ìpele òde rẹ̀, ọ́síjìn ní 6. Olúkúlùkù sì ń wá 8. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi díẹ̀ sílẹ̀ láti jùmọ̀ ní in. Àjùmọ̀ní yìí ni ó so wọ́n pọ̀.

Bí èédú bá jó níbi tí atẹ́gùn pọ̀ sí, kábọ́ọ̀nù kan a so mọ́ ọ́síjìn méjì, yóò sì bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jùmọ̀ ní 4. Irú rẹ̀ ni a ń mí síta. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn kò bá tó, ọ́síjìn kan ṣoṣo ni kábọ́ọ̀nù ń rí. Àwọn méjèèjì a jùmọ̀ ní 6: kábọ́ọ̀nù mú 2 wá, ọ́síjìn mú 4 wá. Carbon monoxide ni èyí. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Agbára tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Ó lè pa ènìyàn lójú oorun.

Ilé fara kan ilé ní àdúgbò yìí. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ amúnáwá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀bá fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gbé ààrò èédú wọ yàrá sùn. Bí orí bá ń fọ́ ará ilé, tí òòyì sì ń kọ́ wọn, ẹ kó gbogbo wọn jáde kíákíá, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.