Àìbalẹ̀ Ọkàn Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìsí ohun tí ó lé e, tí kò rí oorun sùn, tí ó dà bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú orí rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, àìsàn ni ó ń ṣe é. Ó sì ní ìtọ́jú. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé ẹ̀bá Aró, l'Abẹ́òkúta. Nígbà náà, wọn a gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọn a padà sílé lálẹ́. Kò sí ṣẹkẹṣẹkẹ̀ níbẹ̀! Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú oníṣègùn, àti oògùn bí ó bá yẹ, ni à ń lò. Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé kọ "àlàáfíà ni mo wà" sí wa nígbà tí ẹ kò sùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.