ÀWO ORIN ÀTIJỌ́ ÀTI OJÚṢE ÀWA TÍ A Ń GBÁDÙN WỌN

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)



Láti ìgbà díẹ̀ wá, àṣà dáradára kan ti gbilẹ̀ láàárín wa. Bí iṣẹ́ ìpàdé bá ti parí, ẹnì kan a mú orin Haruna Ìṣọ̀lá jáde. Ẹlòmíràn a ní ti Yusuf Ọlátúnjí ni òun fi ń jí láràárọ̀. Ẹnì kẹta a sì tẹnu mọ́ ọn pé kò sí èyí tí ó tó ti Àyìndé Bákàrè. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, títí dé Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, a máa fi tiwọn ránṣẹ́ láti inú fóònù wọn. Inú wa dùn sí èyí púpọ̀púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ wá lóminú nínú rẹ̀, òun náà ni a sì fẹ́ bá yín sọ lónìí. Orin ni a ń fi ránṣẹ́ sí ara wa, a kì í fi orúkọ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ tẹ̀lé e. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, ọjọ́ ń bọ̀ tí ohùn yóò kù, tí ẹni tí ó mọ ohun tí ohùn náà ń wí kò ní sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí àwo orin ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú àwọn ẹni ìṣáájú tí a gba ohùn wọn sí inú àwo ní èdè Yorùbá jẹ́ àlùfáà. Òun ni Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 1930. Nígbà tí ó lọ sí ìlú London nínú àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin mímọ́ rẹ̀ sí inú àwo. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àwo orin fàájì náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Abíbù Olúwa kọ sákárà, pẹ̀lú gòjé àti ìlù alámọ̀ tí a fi awọ bò lójú. Túndé King, ọmọ Èkó tí a bí ní 1910, kọ jùjú sí inú àwo Parlophone ní 1936. Àyìndé Bákàrè tẹ̀lé e ní 1937 lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ His Master's Voice, èyí tí àwòrán ajá wà lójú àwo rẹ̀.

Àwọn àwo ìgbà náà wúwo, wọ́n sì ń tètè fọ́ bí ìkòkò. Ìgbà méjìdínlọ́gọ́rin (78) ni wọ́n ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ojú kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ ro ó wò: akọrin tí ó ti mọ́ lára láti máa ki ènìyàn láti alẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ sí inú ìṣẹ́jú mẹ́ta! Nítorí náà ni gbólóhùn kan ṣoṣo nínú àwọn àwo wọ̀nyí fi lè gbé oríkì ilé kan, orúkọ àdúgbò kan àti òwe kan papọ̀. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan lè tó ogún ìṣẹ́jú, àwọn bí Haruna Ìṣọ̀lá àti Àyìnlá Ọmọwúrà rí àyè láti fa ọ̀rọ̀ gùn bí wọ́n ti fẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú méjèèjì tẹ̀lé ara wọn yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó wọ́n àwọn ará ìṣáájú. Àyè ni kò gbà wọ́n.

Kí ni ó wà nínú àwo wọ̀nyí tí a fi ní kí a má ṣe jẹ́ kí ìtàn wọn sọnù? Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ní 1948, Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Orímolúsì ìlú rẹ̀, Ọba Adébóyè, ni ó fi kọrin. Àwo náà kò tà rárá. Ní 1955, lẹ́yìn tí Ọba náà ti wàjà, ó tún orin náà kọ sí inú àwo. Nígbà yìí ni àwọn ènìyàn wá ń rà á, tí orúkọ Haruna sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn káàkiri. Ọdún méje péré ni ó wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n èkínní jẹ́ ìyìn fún ọba tí ó wà lórí ìtẹ́, èkejì sì jẹ́ ìdárò fún ọba tí ó ti wọ àjà. Bí ẹnì kan bá fi orin yìí ránṣẹ́ sí wa láì sọ ọdún rẹ̀, báwo ni ọmọ tí a bí lánàá yóò ṣe mọ̀ bóyá ọba tí a ń kì wà láàyè tàbí kò sí? Etí rẹ̀ yóò gbọ́ adùn. Ọkàn rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹkún ni àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á fi ń gbọ́ ọ.

Irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Abíbù Olúwa fi sákárà kọrin nípa Herbert Macaulay, ẹni tí ó kú ní 1946, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ará Èkó lásán ti rí olóṣèlú yìí ní ayé rẹ̀, kí ó lọ gbọ́ àwo náà, kí ó má ṣe dúró lórí ìwé ìjọba nìkan. Ní 1971, Haruna Ìṣọ̀lá kọ ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Òrokí ní Òṣogbo. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́jà, àwọn oníṣòwò àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ni a ń dá ní orúkọ, pẹ̀lú ilé bàbá wọn àti àdúgbò wọn. Ẹ̀yin olóyè, ó lè jẹ́ pé bàbá bàbá ẹlòmíràn nínú yín wà nínú àwo tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti kó sí abẹ́ àtẹ̀gùn.

Ẹ̀kọ́ èdè náà wà nínú wọn. Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ mọ̀ bí ó ti ṣòro tó láti mú kí ọ̀dọ́ òde òní gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ní ilé ìsìn, a ti fi ọjọ́ pípẹ́ kọ orin Yorùbá sí ohùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀wọ̀ tí a ní fún Olúwa fi lè di ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ lẹ́nu wa. Ransome-Kuti jẹ́ kí ohùn orin rẹ̀ máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. T. K. E. Phillips, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, ṣàlàyé ọ̀ràn yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá ní 1953. Àwọn onísákárà àti alápàlà kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Bí a bá mú orin wọn wọ yàrá ẹ̀kọ́, tí a sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣàlàyé yóò yé wọn láàárín wákàtí kan.

Àwọn kan yóò wí pé owó ni àwọn akọrin wọ̀nyí ń gbà kí wọ́n tó yin ènìyàn, nítorí náà kí ni a fẹ́ fi ìyìn tí a rà ṣe? Òtítọ́ ni pé a lè bu iyọ̀ sí ìyìn. Ṣùgbọ́n kò sí akọrin tí yóò pe orúkọ ìyá olówó rẹ̀ ní àṣìpè níwájú rẹ̀, tàbí tí yóò sọ pé ilé kan wà ní àdúgbò tí kò sí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n wọn ìyìn náà, kí a sì di orúkọ mú ṣinṣin. Àwọn mìíràn yóò wí pé orin èébú pọ̀ nínú wọn, pé kò yẹ kí àlùfáà máa gbè é lẹ́sẹ̀. A gbà pé akọrin méjì a máa fi orin bú ara wọn, ṣùgbọ́n ìjà àwọn àgbà ti parí, àwọn tí ó jà ti lọ sí ilé wọn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó fa ìjà náà yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni yóò tún máa fi èébú náà dá ìjà tuntun sílẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀ràn dé. Parlophone, Zonophone àti ilé-iṣẹ́ alájá bọ́ sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí à ń pè ní EMI ní 1931, a sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo ìgbà náà pamọ́ sí Hayes, nítòsí London. Ní 1985, Christopher Waterman, ará Amẹ́ríkà, bá ilé-iṣẹ́ Rounder ṣe àkójọ jùjú àtijọ́ sí inú àwo kan. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Honest Jon's ní London ṣí àpótí Hayes, ó sì tún gbé àwọn orin ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1927 sí 1929 jáde; àwọn tí ó fi èdè wa kọrin wà nínú wọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwo ń fọ́ nílé, àjèjì ni ó bá wa tọ́jú ohùn. Ṣùgbọ́n ìtàn inú orin kò sí ní Hayes. Orí àwọn àgbà wa ni ó wà. Àyìndé Bákàrè ti kú láti 1972, Yusuf Ọlátúnjí láti 1978, Àyìnlá Ọmọwúrà láti 1980, Haruna Ìṣọ̀lá láti 1983. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí a ń fi orin dárò Orímolúsì ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Mélòó ni ó kù nínú wọn? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì tún ní láti bá wa lò?

Nítorí náà, a fi ìmọ̀ràn mẹ́rin síwájú Ẹgbẹ́. Èkínní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orin ránṣẹ́ láì fi orúkọ akọrin, orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́mbà tí ó wà lójú àwo, àti ọdún rẹ̀ bí ó bá mọ̀ ọ́n, tẹ̀lé e. Èkejì, kí ẹni tí ó ní àwo àtijọ́ nílé tọ́jú rẹ̀: kí ó gbé e dúró lóòró, kí ó má ṣe tò ó lé ara wọn, kí oòrùn má ṣe pa á, kí a má sì fi abẹ́rẹ́ tí ó ti kú gbọ́ ọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà gbà á sí inú ẹ̀rọ tuntun kí ó tó fọ́. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe dá gbọ́ ọ. Ẹ pe àgbà kan jókòó, ẹ fún un ní omi mu, ẹ gbé orin náà sí i létí, kí ẹ sì máa bi í pé, “Bàbá, ta ni ẹni tí wọ́n ń kì yìí? Ilé ta ni? Kí ni ó ṣẹlẹ̀?” Kí ọmọ tí ó mọ̀wé jókòó tì í, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí Ẹgbẹ́ fi ojú ìwé kan sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa lóṣooṣù fún ọ̀rọ̀ inú orin kan, pẹ̀lú àmì ohùn pípé àti àlàyé àwọn orúkọ inú rẹ̀. Bí a bá ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, ọgọ́fà orin ni a ó ti gbà là.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò ní kí ẹ dẹ́kun ìgbádùn. Ẹ máa jó, ẹ máa ṣẹ́ ìka, ẹ máa jiyàn lórí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ jù. Kìkì pé nígbà tí orin bá parí, kí ẹnì kan nínú yín béèrè ìtàn rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí, kí ó sì fún àwa ọmọ ní etí ìgbọ́ràn.