Àpótí Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta

Módẹ́ẹ̀mù tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní. Àpótí kan ni, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe.

Iṣẹ́ kìíní: bí tẹlifóònù bá dún tí kò sẹ́ni nílé, ẹ̀rọ náà á gbé e, á sì gba ohùn ẹni tó pè sílẹ̀. Ìkejì: ó ń gba í-meèlì, ó sì ń fi í ránṣẹ́. Ìkẹta ló gbé í-meèlì ró: ó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù.

Ohùn ni wáyà yẹn mọ̀ ọ́n gbé. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Módẹ́ẹ̀mù ni ògbufọ̀ àárín wọn: ó ń sọ nọ́ńbà di ohùn níhìn-ín, módẹ́ẹ̀mù kejì ń sọ ọ́ padà di nọ́ńbà lọ́hùn-ún.

Ọdún 1995 ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọdún tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé wáyé ní Kútọnu. Wáyà tẹlifóònù ni wọ́n ń gbà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Lónìí, fóònù alágbèéká ń ṣe irú iṣẹ́ wọ̀nyí.

Ẹ rántí o: àpótí kan, iṣẹ́ mẹ́ta. Ó ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń gbé í-meèlì, ó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifóònù.